Kí Fáìlì Tó Kúrò Lọ́wọ́ Mi

Ní Bájùláyè, ní Ṣómólú,
níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jẹ́ kí ògiri sùn,
mo ní tábìlì kan, àga kan, kọ̀ǹpútà kan
tí lẹ́tà Ẹ rẹ̀ ti pa rẹ́.
Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún mi.
Iṣẹ́ tí mo bá ṣe lónìí ni mo máa jẹ lọ́la,
bí ẹni tó gbé e lọ bá rántí pé èmi náà ní ikùn.

Mo ti gbọ́ ọ ní oríṣiríṣi ohùn:
nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ni, ọ̀gá ò sí nílé ni.
Ẹnìkan ní kí n má wo ti owó,
pé àwọn èèyàn á rí iṣẹ́ náà, wọ́n á béèrè orúkọ mi.
Mo bi ọmọkùnrin tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀ ní Onípaanu
bóyá mo lè fi "wọ́n á béèrè orúkọ ẹ" ra lítà méjì.
Ó rẹ́rìn-ín títí,
ó sì gba owó rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Tẹ́jú Fádáhùnsi wá,
pẹ̀lú àwòrán inú àpòòwé tó ń rùn bíi káńfọ̀.
Bàbá rẹ̀ ti kú, akọ̀wé rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta.
Ìwé ètò ìsìnkú ló fẹ́, ojú ewé mẹ́rìnlélógún,
kí gbogbo ọmọ-ọmọ hàn,
kí orí ẹnikẹ́ni má kéré ju ti ẹnìkejì lọ.
Mo ní, àsansílẹ̀ ńkọ́?
Ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lo ń bá sọ̀rọ̀ owó?"
Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òru mẹ́ta.
Mo nu ìdọ̀tí ogójì ọdún kúrò létí fìlà bàbá náà.
Mo mọ àpá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀
ju bí mo ṣe mọ ti bàbá tó bí mi lọ.

Ṣùgbọ́n ejò ti bù mí jẹ rí, mo ti ń sá fún ekòló.
Èyí tí mo fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò,
mo kọ ÀPẸẸRẸ sí ìbú ojú ewé kọ̀ọ̀kan,
láti etí òsì olóògbé dé èjìká ọ̀tún.
Mo ní, bó o bá sanwó, ọ̀rọ̀ yẹn á kúrò.
Ó ní, Jímọ̀.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà.
ÀPẸẸRẸ lójú òkú, ÀPẸẸRẸ láyà opó,
ÀPẸẸRẸ lórí orin ìkẹyìn.
Wọ́n ní pásítọ̀ tilẹ̀ gbé e sókè lórí àga ìwàásù:
"Ẹ wò ó, àwọn ọmọ rẹ̀ náà jẹ́rìí,
àpẹẹrẹ ni bàbá yìí jẹ́ fún gbogbo wa!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi,
n kò mọ ìgbà tó di ẹkún.
Owó iná ò bá mi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá arúgbó kan gun àtẹ̀gùn wa,
ó ń dúró mí ní ìpele kọ̀ọ̀kan.
Mo dá a mọ̀ láti ojú ewé kẹsàn-án.
Ó tú etí ìborùn rẹ̀.
"Bá mi yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lójú ọkọ mi.
Ẹyọ kan péré. Ògiri ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí."
Ọkàn mi ní kí n dá owó náà padà.
Ó rí i lójú mi. Ó ní, "Kà á."
Mo kà á. Ó pé.

Nígbà tí bàbá jáde látinú ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ mọ́ gaara,
ìyá ò yára dìde.
Ó wò mí bí mo ṣe mú káàdì àti bírò:
ìdajì kí ọwọ́ mi tó kan iṣẹ́,
ìyókù kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ mi,
ìgbéyàwó ni o, òkú ni o.
"Kọ ọ́ kó tóbi," ìyá ní,
"ojú ọmọ mi ò ríran dáadáa."