Ní Ẹsẹ̀ Odi Kánò

Jẹ́nsinmi ajá mi ló ṣíwájú,
okùn ọrùn rẹ̀ ń fà mí
lójú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ là.
Ọyẹ́ bo ìlú; ètè mi ti sán.

Amọ̀ pupa yìí,
wọ́n ní ẹṣin ogun dé ibẹ̀ rí, ó yí padà.
Ohun tó kù dà bí eyín arúgbó:
ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún,
aṣọ tẹ́nìkan sá láàárín wọn.

Kí n tó pariwo "Rárá!"
Jẹ́nsinmi ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
ó tọ̀ sí i.
Ojú tì mí. Mo wo Màláàmù Sáminù, olùṣọ́ odi.
Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ dópin, ó rẹ́rìn-ín:
"Òjò ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Kó ṣáà má dé ibi tí mo ti ń kírun."