Bọ́ Gbogbo Irin Sílẹ̀

Ní Oulu, lóṣù Ṣẹ́rẹ́, òkun a máa dì títí yóò fi di ojú ọ̀nà,
oòrùn a yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.
Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa sọ fún ènìyàn pé:
bọ́ gbogbo irin sílẹ̀.
Aago. Bẹ́líìtì. Kọ́kọ́rọ́ ilé. Òrùka, bó bá ṣeé bọ́.
Òòfà inú yàrá yìí kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Tauno Rautiola wọlé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀,
òkùnkùn ṣì dúró lójú fèrèsé.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ bébà.
Lọ́jọ́ kan ó sorí kọ́, kò sì gbé e sókè mọ́.
Ó ní bí òun bá jí, òun a wo bàtà òun,
bàtà náà a sì jìnnà bí ìlú mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀lẹ ni mí.
Ẹ bá mi ya ìbànújẹ́ yìí jáde,
kí n gbé e sórí tábìlì níwájú Veikko,
kí n ní: wò ó. Òun nìyí."
Mi ò dá a lóhùn. Mo fún un lówùú tí yóò fi di etí,
mo tì í sínú ihò funfun náà
bí ẹní ti búrẹ́dì sínú ààrò.

Ẹni tí kò gbọ́ igbe ẹ̀rọ náà rí, kó rántí àkùrọ̀
lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá:
ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, ọ̀pọ̀lọ́ ń dáhùn,
ẹgbẹ̀rún ọ̀pọ̀lọ́ onírin yí ọpọlọ kan ṣoṣo ká.
Dókítà Sirkku sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì:
"Rántí ọjọ́ kan tí inú rẹ dùn."
Ìṣẹ́jú kan. Méjì.
Ohùn rẹ̀ jáde, ó tín-ín-rín: "Mò ń wá a."
Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
"Mo ṣì ń wá a."

Lẹ́yìn náà, ọpọlọ rẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà,
ó ká jọ bí àwùsá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
"Níbo ló wà?"
Sirkku bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò purọ́ fún un.
"A kì í rí i nínú àwòrán ẹnì kan.
Ọgọ́rùn-ún orí la ó tò léra,
orí ẹni tó ń ṣe, orí ẹni tí kò ṣe,
kí òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jáde, bóyá níbí, bóyá lọ́hùn-ún,
lámọ̀ọ́dún ẹlòmíràn lè ní kò rí bẹ́ẹ̀.
Tìrẹ nìkan? Ọpọlọ tó pé ni."

Tó pé. Ọ̀rọ̀ náà bà á bí òkò.
Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní àwòrán tó lè fi hàn,
ẹni tí inú rẹ̀ wó ní ẹnu nìkan,
ẹnu náà sì ti rẹ̀ ẹ́.

Èmi náà ti sùn sínú ihò yẹn rí.
Wọ́n kọ mí mọ́ àwọn tí ara wọn dá.
Mo fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ kọ́" níwájú gbogbo ìbéèrè,
mo sì purọ́ nínú mẹ́ta.
Orí mi wà láàárín ọgọ́rùn-ún náà dòní,
ó ń ba òjìji wọn jẹ́.

Tauno gba àwòrán náà síbẹ̀síbẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò yẹ ẹ́ wò: "Bébà yín ò dára."

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó padà wá. Veikko tẹ̀lé e, fìlà onírun lórí.
"Mo wo bébà yẹn," Veikko wí, bí ẹni ń ṣàròyé,
"ó jọ kábéèjì. Mi ò rí nǹkan kan.
Òun ló ń wò mí, tó ń retí. Mo bá wo òun náà."
Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní: bọ́ gbogbo irin sílẹ̀.
Aago, bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ méjì.
Veikko ṣí fìlà, ó fi gba gbogbo rẹ̀,
ó gbé e lé orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó,
wákàtí kan àti ààbọ̀, kò mu kófí tí a gbé fún un.