Etí Ìwé

Dókítà Adéṣíyan kí màmá mi, "Ẹ káàárọ̀ o."
Màmá mi kò dáhùn.
Ojú fèrèsé ló ń wò, òkè Kàbà ló ń wò,
bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.
Nọ́ọ̀sì Mèsékọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́ sí dókítà létí.
Ó tún un kí: "Òkun o, ìyá."
Ìgbà náà ni Bọ́látitó tó yíjú padà.

Èmi ni mo ti ń fèsì láti àárọ̀.
Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Èmi.
Ibo ló ń dùn wọ́n? Èmi.
Ṣé kí a gé e lọ́rùn-ẹsẹ̀? Mo ti na ọwọ́ sí bírò.
Àtọ̀gbẹ ti jẹ ìka mẹ́ta dúdú,
ẹ̀rù sì ti sọ mí di ẹlẹ́sẹ̀
lórí ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tèmi.

Dókítà fa àpótí, ó jókòó, ojú wọn dọ́gba.
"Ìyá, kí lẹ ń fi ẹsẹ̀ yìí ṣe?"
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.
Ṣùgbọ́n màmá mi fèsì. Ó ní òun a máa tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì
sábẹ́ òfì nínú yàrá ẹ̀yìn, l'Ápàá;
aṣọ ìyàwó ọmọ ọmọ òun ṣì wà lára igi, kò tíì dé ìdajì;
bí òun bá sì fẹ́ dìde,
gìgísẹ̀ lòun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gìgísẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógójì, n kò mọ̀.

Ó ya ẹsẹ̀ sórí ìwé, ó fa ìlà méjì.
"Bí a bá gé e níbí, ó dájú pé yóò jiná.
Bí ó bá jẹ́ ìka nìkan, bóyá;
ọ̀bẹ sì lè padà wá."
Kò fi ṣúgà sí i.
Màmá mi gbé ìka lé ìlà kejì.
Ó ní kí wọ́n dúró de Obájẹ́mú, àbúrò òun, láti Lọ́kọ́ja.
Dókítà wo aago: "Ọ̀la, ìyá. Kò gbọdọ̀ di ọ̀túnla."
Ó gbà.

"Ẹ ó sì kó wọn fún mi."
Kí ni?
"Àwọn ìka mi. Ibi tí wọ́n sin ibi mi sí
ni kí wọ́n ti lọ dúró dè mí."

Ìwé náà kò ní àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.
Dókítà yí i nídàbùú, ó kọ ọ́ sí etí rẹ̀,
ó kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì,
Mèsékọ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan l'éde Bùnú.
Màmá mi tẹ̀ ka síbẹ̀, sí etí ìwé,
kì í ṣe sí ojú ìlà.

Agolo mílíìkì ni mo gbé lé itan dé Àpàá.

Egbò náà kò tíì jiná tán. Mo ń fọ̀ ọ́,
mo ń ka ọjọ́.
Lánàá, aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Ara ìyá ńkọ́?"
Mo la ẹnu. Mo pa á dé.
Ìró apásà ń dún bọ̀ láti ẹ̀yìn.
Mo ní, "Ẹ wọlé, ẹ bi í."