Nọ́ńbà Òrùka Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé

Ní Liège, ní ilé ìwòsàn orí òkè,
wọ́n ní wọn ò ní kùn mí lóorun.
Ọ̀bẹ yóò gba ọrùn mi wọlé,
gẹ̀gẹ̀ yóò jáde,
èmi yóò sì wà níbẹ̀.
Mo ní, "Fabienne, ṣé orí rẹ pé?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ tutù léjìká mi.
"Màdáámù Matagne, níbo lọkàn yín ti balẹ̀ jù rí?"

Mo fẹ́ pe etí òkun.
Ilé ẹyẹlé bàbá mi ló bọ́ lẹ́nu mi,
lórí òrùlé wa ní Seraing,
níbi tí èéfín iléeṣẹ́ irin
kì í jẹ́ kí aṣọ sísá funfun.

"Ẹ gun àkàsọ̀ náà," ni ohùn rẹ̀ wí,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.
Ìgbésẹ̀ kan, ìpéǹpéjú wúwo.
Ìgbésẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ mi di ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Àgbàdo nínú agolo. Òórùn ìyẹ́.
Bàbá mi, Achille awakùsà,
ń wúkọ́ eruku èédú, ó ń wo sánmà.

Mo gbọ́ tí irin kan irin nínú àwo.
Mo mọ̀ pé ọrùn mi ni.
Ìrora wá, ó kan ilẹ̀kùn, kò bá mi nílé:
mo wà lókè, mo ń retí ẹyẹ
tó gbéra ní Barcelona lánàá.

Ta ló fọ̀nà han ẹyẹlé?
Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.
Ohun kan nínú rẹ̀ mọ ilé
ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ó bà! "Josette, nọ́ńbà rẹ̀!"
Mo gbá a mú, ọkàn rẹ̀ ń sọ kúlúkúlú látẹ́lẹwọ́ mi,
mo ka òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀:
oókan, ẹẹ́rin, òdo, eéje, eéje, eéjì.

Wọ́n ti rán mi tán nígbà tí mo lajú.
Fabienne ní, "Ètè yín ń mì. Kí lẹ ń kà?"

Èmi tí mo gbàgbé nọ́ńbà báńkì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá,
tí mo fi orúkọ ajá pe ọmọ ọmọ mi!
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹnìkan ò bi mí rí.
Wọ́n ní inú ọmọ ènìyàn jìn;
n kò mọ̀ pé tèmi náà jìn sí mi.
Ta ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀?
Ta ló tún wà nínú ilé tí mo rò pé mo ń dá gbé?

Lálẹ́, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé oògùn.
Mo dìde, mo di ọrùn mi mú,
mo ṣí fèrèsé díẹ̀.