Má Lù Ú Létí

Èyí àkọ́kọ́ já lóru ọjọ́ Àìkú.
Ìṣó mẹ́rin ni Mùfú fi kàn án mọ́ oríkèé bíríkì,
níbi tí sìmẹ́ńtì ti padà di iyẹ̀pẹ̀.
Atẹ́gùn Òkè-Àrẹ̀mọ kò tilẹ̀ bínú,
ó kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni,
a sì bá irin, ọ̀pá àti àsíá nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Bàbá mi ò bá ẹnikẹ́ni wí.
"Mo gbọ́ ọ," ló sọ.
"Láti ìrọ̀lẹ́ ni irin yẹn ti ń payín keke.
Aṣọ nìkan ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀.
Kí irin ó dákẹ́."

Ọdún kẹfà rèé tí ojú Tíṣà Oyèwùsì ti wọ̀.
Etí ló fi ń ka àdúgbò báyìí:
ó mọ ẹni tó ń bọ̀ nípa ìró bàtà,
ó mọ bí gààrí ṣe gbẹ tó bí a bá ti ń dà á sínú abọ́.

Lónìí, èmi ni mo gun àkàbà.
Ó ní kí n máa fi orí hámà kan bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan,
nítorí bàbá tó bí i ló sun wọ́n,
kò sì sí ebu tí kì í ní èyí tí iná ò dé inú rẹ̀.
Gbì.
"Fi ìyẹn sílẹ̀. Kò jiná."
Gbì.
"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."
Káán!
"Áà. Ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ rèé.
Àárín rẹ̀ gan-an ni kí o lu, má lù ú létí,
yóò fọ́."
Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
"Mo lu ọmọ kan létí rí."

Mùfú fa wáyà wá láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.
Mo ti fi téèpù dúdú sàmì sí ọrùn irin dírílì:
bó bá dé ibẹ̀, ó tó.
Dírílì ké. Eruku pupa kùn mí lójú
bí àtíkè ẹni tí kò ní dígí.
Lórí ihò kẹta, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú.
Ọkùnrin kan jáde tòun ti orí tí wọ́n fá dé ìdajì,
ó bi wá bóyá ilé la ń wó.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.
Èmi ni mo fọwọ́ ara mi la ògiri lẹ́nu.
Mo fi póńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde,
mo ki ike kékeré bọ̀ ọ́, ó há bí ìka nínú òrùka,
síkúrù tẹ̀lé e.
Bí mo ṣe ń yí i ni ike ń wú nínú òkùnkùn,
tó ń di ògiri mú láti inú,
níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í kí i kú iṣẹ́.

"Mì ín," ni Bàbá wí.
Mo mì ín. Àkàbà ló mì.

Mùfú ti ń retí ewé àti funfun.
Abẹ́ ìrọ̀rí ni Bàbá ti fa tirẹ̀ yọ:
aṣọ yẹ́lò, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta,
àsíá Ilé Yẹ́lò,
tó gbẹ̀yìn eré ìje lọ́dún mọ́kànlá nínú méjìlá.
Akínlàbí ló gbé e lọ́jọ́ náà.
Ó kọsẹ̀ níwájú àwọn àlejò, àsíá kan ilẹ̀.
Bàbá ò sọ ìyókù rí.

Atẹ́gùn gòkè wá láti ìsàlẹ̀ òkè.
Bàbá yọ etí sójú fèrèsé, ó pẹ́ níbẹ̀.
"Mi ò gbọ́ irin," ló wí.
Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ kan, jẹ́jẹ́,
bí ìgbà tí tíṣà ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀.
Aṣọ náà gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Mùfú ń ká wáyà lọ́wọ́,
kò bèèrè ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.