Òṣómàáló Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Òkèsà
tó ní ẹrù ìyàwó òun kò gba ẹ̀yìn rẹ̀.
Mọ́tò eré, ilẹ̀kùn méjì, pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
ìdí rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba.
Àwọn ará ilé ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta,
níbo ni àwọn ọmọ ọmọ yóò jókòó sí?"
Mo ní kí wọ́n dúró dè mí ní gbàgede.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àìsàn rẹ̀ ń fọhùn.
Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́: ta-ra-ra-ra,
bí eyín arúgbó nínú ọyẹ́.
Tó bá dé òkè Ìmọ̀, ó di ìgbín.
Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kọjá mi,
awakọ̀ rẹ̀ tún juwọ́ sí mi.

Fadúgbà mẹkáníìkì fetí sí i lẹ́ẹ̀kan péré,
ó ní kí n lọ ra odidi ẹ́ńjìnnì wá láti Ìbàdàn.
Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò tíì dọ̀tí.
Mo wa mọ́tò mi padà sílé.

Ìjẹ̀ṣà ni mí. Bàbá tó bí ìyá mi ta aṣọ àwìn kiri oko;
ẹni tó bá jẹ ẹ́ lówó, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún:
"Òṣó mà á ló, kí n tó gbowó mi!"
Èmi náà lóṣòó ti ẹ́ńjìnnì yìí.
Ogójì ẹṣin ló jẹ mí.

Nínú rẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.
Bí eré bá le, kí wọ́n tètè ṣí;
bí a bá ń rọra lọ, kí wọ́n fà á díẹ̀.
Ọ́ìlì ni ìránṣẹ́ tó ń dá àsìkò fún wọn.
Ìránṣẹ́ ni kò dé.

Sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá. Bóòtù kan ṣoṣo.
Ìbídàpọ̀ ọmọ ọmọ mi di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń wo eṣinṣin.
"Mú iná wá síbí."
"Ó wà níbẹ̀, Màmá." Kò sí níbẹ̀.
Mo fa fáàfù náà, ó kọ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì,
ó jáde lójijì, ọ́ìlì dúdú dé ìgúnpá mi.

Asẹ́ rẹ̀ kò ju èékánná ọmọdé lọ,
ìdọ̀tí sì ti dí i bí ìsàlẹ̀ ìkòkò àdín.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú aláìsàn:
mo mọ iṣan tó dí nígbà tí mo bá rí i.
Mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́,
mo so wáyà méjì mọ́ bátìrì ọ̀kadà Olúmúyìwá.
Tà!
Ìbídàpọ̀ ju tọ́ọ̀ṣì nù. "Ó sọ̀rọ̀!"

Mo dá a padà sáyè rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ta-ra-ra-ra.
Onígbèsè ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun kò sí nílé.

Mo tún lóṣòó. Orúnkún mi ń ké ju ẹ́ńjìnnì lọ.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni mo fi ìka méjì tọ́ ọ́ìlì wò:
ọ́ìlì ọkọ̀ akẹ́rù! Ọkùnrin Òkèsà yẹn,
ó da ohun tó ki bí ẹ̀kọ sínú ọ̀nà tó tín bí abẹ́rẹ́.
Mo tú gbogbo rẹ̀ dànù, mo ra èyí tó ṣàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo yí kọ́kọ́rọ́,
mo rò pé kò tíì jí.
Ó ti jí.

Ní òkè Ìmọ̀ ohùn rẹ̀ yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi,
àwọn ẹṣin náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo kọjá Màrúwá. Mo kọjá ṣọ́ọ̀bù Fadúgbà, n kò fun fèrè.

Òrùka rọ́bà kékeré kan wà nínú àpò mi
tí n kò mọ ibi tí mo ti yọ ọ́.
Ìbídàpọ̀ ló rí i.
Mo ní kó pa ẹnu mọ́.