Àtẹ̀gùn Mẹ́rìnlá

Mzia ní kí n di ojú mi.
Ó ní, "Otari, níbo lo fẹ́ lọ lónìí?"
Ibo ni n ó lọ,
èmi tí mo jábọ́ lórí igi àsálà nígbà ìkórè,
tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi fà já bí òwú,
tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì sùn síwájú mi
bí àlejò tí kò gbọ́ èdè Jọ́jíà?

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì,
ó ní kí n máa gun àtẹ̀gùn ilé wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá,
kí n fi ọkàn gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún,
kí n gbọ́ bí pákó ṣe ń ké.

Mo pè é ní eré ọmọdé.
Lọ́jọ́ kìíní n kò kọjá ẹnu ọ̀nà.
Lọ́jọ́ kejì oorun gbé mi lọ.
Lọ́jọ́ kẹrin mo purọ́ fún un:
mo ní mo ti dé òkè, mo ti rí ibùsùn wa,
bẹ́ẹ̀ abẹ́ ilé ni mo yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ,
níbi tí ìkòkò wáìnì bàbá mi wà, tí a rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn.
Mo kúnlẹ̀. Èmi! Mo kúnlẹ̀,
mo ṣí ọmọrí, òórùn èso àjàrà èṣí gbá mi nímú,
ilẹ̀ tutù mọ́ mi lórúnkún.
Nígbà tí mo lajú, omi ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Mzia wò mí títí. "Òpùrọ́. Ibo lo lọ ná?"

Ìrora òru kò lọ o
(ẹsẹ̀ tí kò mọ abẹ́rẹ́, ó mọ iná!),
n kò ní purọ́ lẹ́ẹ̀kejì.
Ṣùgbọ́n mo ti ń fi èémí rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá,
bí ẹni ń kọjá lára ajá tó ń gbó, láì sáré.

Lamara ìyàwó mi wá lọ́jọ́ Àìkú,
òun àti búrẹ́dì, òun àti wàràkàṣì.
Ó ní àtẹ̀gùn kẹsàn-án ti ń jẹrà,
Gela ọmọ wa fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.
Mo ní, "Mo mọ̀. Ó ké mọ́ mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí."
Ó dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ mi lórí kúbùsù.
Ojú ni mo fi mọ̀ ọ́n.

"Ṣé ìyẹn ni yóò mú ọ rìn?"
Rárá. Dókítà ti sọ. Mzia náà ti sọ.
Tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, ògiri ni mò ń wò.
Bá mi sọ fún Gela
kó má tíì yọ pákó yẹn.
Mo ṣì ń lò ó.